Sàká kì í ṣe owó ìwọlé Àlùjánà

Ẹ̀yin ará wa ní Kubwa, ẹ dákun, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pín kiri pé "Mùsùlùmí ń fi sàká ra Àlùjánà, ìgbàgbọ́ nìkan sì ti tó Kristẹni" kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Sàká ni ọrẹ dandan tí Mùsùlùmí ń yọ nínú owó rẹ̀: tí owó ẹni bá tó iye wúrà gíráàmù 85, tó sì pé ọdún òṣùpá kan lọ́wọ́ rẹ̀, ìdá kan nínú 40 ni yóò yọ. Láìsí èrò ọkàn láti yọ ọ́ nítorí Ọlọ́run, sàká náà ò tíì tọ́. Ànábì Muhammad gan-an sọ pé iṣẹ́ òun ò lè mú òun wọ Àlùjánà, àfi àánú Ọlọ́run.

Kristẹni ẹlẹgbẹ́ mi, kí ló dé tí ẹ fi ń dúró sí Éfésù 2:9, tó ní ìgbàlà kì í ṣe nípa iṣẹ́? Ẹsẹ 10 ní a dá wa fún iṣẹ́ rere.