Ṣé Ọmọ OAU Lè Ṣeré fún Ifẹ̀?

Mọ̀rè Gémà: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn tó ń ṣètò líìgì gẹ́ẹ̀mù fóònù Call of Duty Mobile láàárín Ifẹ̀ àti Iléṣà ti gbé òfin jáde. Nínú àwọn márùn-ún tó máa ṣeré fún ìlú kan, mẹ́ta gbọ́dọ̀ ti gbé ìlú náà fún oṣù mẹ́fà, kí wọ́n sì mú ìwé tó fìdí ẹ̀ múlẹ̀ wá. Méjì tó kù lè ti ibikíbi wá. Ìbéèrè mi: ọmọ OAU tó ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì, ṣé ará Ifẹ̀ ni?

Ọmọ Ẹnuwá: Àlejò ni! Ẹni tí kò bá ní agbo ilé ní Ifẹ̀, kó lọ ṣeré fún ìlú bàbá ẹ̀.

Ìyá Tómi: Ìwé kẹ̀? Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n kàwé ná! Àtàárọ̀ ni tèmi ti dojú kọ fóònù, kò tíì fọ abọ́.

Ṣadé Parakin: Ọmọ Ẹnuwá, ẹ tún òfin yẹn kà, ẹ jọ̀ọ́. Kò sẹ́ni tó bèèrè agbo ilé. Lọ́dún 2014, ikọ̀ LMQ, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ṣáínà, kó lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì gba ibẹ̀ dé ìdíje àgbáyé gẹ́ẹ̀mù kọ̀ǹpútà League of Legends. Ọdún yẹn náà ni Riot Games, ilé-iṣẹ́ tó ni gẹ́ẹ̀mù náà, ṣòfin pé mẹ́ta nínú márùn-ún gbọ́dọ̀ jẹ́ ará agbègbè tí wọ́n ń ṣeré fún. Ó jọ pé òun làwọn tiwa wò kọ.

Páàdì Ìjẹ̀ṣà: Mi ò ka gbogbo ẹ̀. Ẹ mú OAU, ẹ mú UI kún un, Ìjẹ̀ṣà á nà yín.

Ọmọ Ẹnuwá: Ẹ̀yin dà? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ gbé ọmọ Ìbàdàn wá nígbà tó kọjá! Ó dé lọ́jọ́ Jímọ̀ọ́, ó gba ife, ó wọkọ̀ padà lọ́jọ́ Àìkú.

Páàdì Ìjẹ̀ṣà: Ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀ ń gbé Ìsọ̀kùn. Ibẹ̀ ló sùn.

Ọmọ Ẹnuwá: Oorun ọjọ́ méjì ló sọ ọ́ di Ìjẹ̀ṣà?

Awo Hall Ṣọ́jà: Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí èmi lọ̀rọ̀ kàn. Awo Hall, họ́sítẹ́ẹ̀lì OAU, ni mò ń gbé. Kò sí bíìlì iná tó jẹ́ orúkọ mi, kò sí rìsíìtì owó ilé. Ìwé bẹ́ẹ̀dì nìkan ló wà lọ́wọ́ mi, sáà kan péré ló sì wà fún. Tí wọ́n bá ti ilé ìwé pa, a máa kẹ́rù. Ẹ rántí ìyanṣẹ́lódì ASUU ní 2022, láti Fẹ́búárì títí dé Òkìtóbà, oṣù mẹ́jọ gbáko. Ọ̀dọ̀ àwọn òbí mi ní Ìlọrin ni mo wà. Lójú òfin yìí, ará ibo ni mí nígbà yẹn? Bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹni tí mò ń bá ṣe tíìmù, ní Ifẹ̀ níbí la ti pàdé.

Ọmọ Ẹnuwá: Ará Ìlọrin! O ti fẹnu ara ẹ sọ ọ́. ÀLEJÒ!

Ṣadé Parakin: Àbúrò, ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Riot fúnra wọn mú tiwọn le nígbà tó yá: gbígbé níbẹ̀ nìkan ò tó mọ́, wọ́n tún ń ka iye sáà téèyàn ti fi ṣeré nínú líìgì agbègbè náà. Ká ka iye ìgbà téèyàn ti ṣeré ní Ifẹ̀. Àwọn tó ní ìsọ̀ gẹ́ẹ̀mù ní Mayfair àti Lágéré mọ àwọn oníbàárà wọn.

Páàdì Ìjẹ̀ṣà: Ọmọ Ẹnuwá, ìwọ gan-an ńkọ́? Ṣebí Ìkẹjà lo wà. Ìgbà wo lo wọ Ifẹ̀ gbẹ̀yìn?

Ọmọ Ẹnuwá: Iṣẹ́ ló gbé mi débẹ̀! Ọmọ Ifẹ̀ ni mí ní Ìkẹjà, ọmọ Ifẹ̀ ni mí bí mo bá dé Lọ́ńdọ̀nù.

Páàdì Ìjẹ̀ṣà: Oṣù mẹ́fà dà?

Ọmọ Ẹnuwá: Òfin yẹn kò kan ọmọ onílẹ̀!

Káfíńtà Ọ̀kẹ̀sà: Ẹ má bá Ìjẹ̀ṣà fa ọ̀rọ̀ gbèsè o. Òṣómàáló ni wá. A máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ ní Ìkẹjà títí o fi máa mú ìwé wá 😂

Bọ́lá Ìlódè: Kí wọ́n gún iyán dè wọ́n, ibẹ̀ ni wọ́n á gbàgbé gbèsè sí 😂😂

Káfíńtà Ọ̀kẹ̀sà: Iyán ti ẹ̀yin wo? Iyán Ifẹ̀ ní kókó!

Bọ́lá Ìlódè: Ta ló ní kókó? Wá sílé wa!

Mọ̀rè Gémà: Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ọmọ họ́sítẹ́ẹ̀lì la wà o.

Bọ́lá Ìlódè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lórí iyán.

Awo Hall Ṣọ́jà: Ṣé kí n forúkọ sílẹ̀ àbí kí n má fi sílẹ̀?

Páàdì Ìjẹ̀ṣà: Máa bọ̀ ní Iléṣà, a ní àyè méjì fún àlejò. Ọmọ Ẹnuwá, ìwọ náà wá ní Sátidé, èmi pẹ̀lú ẹ nìkan.

Ọmọ Ẹnuwá: Mò ń ṣiṣẹ́ ní Sátidé.

Tòkunbọ̀ Ìjámọ̀: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Ṣé gẹ́ẹ̀mù PUBG wà nínú ẹ̀?