Ẹ Kọ́kọ́ Bi Mí Ná!

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sáré gba ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí nímọ̀ràn, ta ló rán yín níṣẹ́? Mo ní ta ló rán yín? Ó ti lé ní oṣù kan báyìí tí inú ti ń bí mi, kò tíì rọ̀, mi ò sì fẹ́ kó rọ̀ kí n tó sọ tẹnu mi.

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe, ní Àpáta, nílùú Ìbàdàn. Ẹ̀yìn sọ́ọ̀bù ni mo ti máa ń dáná ọ̀sán. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, omi àmàlà ló wà lórí iná. Mo ní kí n yára wọn àyà oníbàárà kan, kò tó ìṣẹ́jú kan tí mo gbọ́ igbe. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 4, ti nawọ́ fa etí ìkòkò. Omi tó ń hó náà dà lé e lápá ọ̀tún, láti ìgúnpá títí dé ọrùn ọwọ́.

Kí n tó gbé e dé ojú títì, èrò ti pé lé wa lórí. Ọlọ́kadà dúró. Obìnrin tó fẹ́ ra búrẹ́dì dúró. Bàbá kan sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Gbogbo ẹnu ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. "Ẹ má jẹ́ kí omi kàn án o! Bí omi bá kàn án pẹ́nrẹ́n, á bó!" "Ọṣẹ ìfọyín ni, ẹ fi ọṣẹ ìfọyín pa á!" "Epo pupa ni kí ẹ dà sí i." "Iyọ̀ dà? Ẹ wá iyọ̀!" Ẹnì kan tiẹ̀ ní kí ọmọkùnrin kan tọ̀ lé e lórí. Kò sì sí ẹni tó béèrè ohun tó jó o. Mo búra, ẹyọ ẹnì kan kò béèrè bóyá omi ni, bóyá òróró ni, bóyá ó ti pẹ́. Ọlọ́kadà yẹn rò pé iná ló jó ọmọ náà, nítorí mo gbọ́ tó ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó gbé sẹ́yìn, síbẹ̀ òun náà ti dá oògùn tirẹ̀.

Obìnrin kan ló borí wọn. Ó wọ àǹkárá aláwọ̀ aró, ó ga, ohùn rẹ̀ sì le. Ó ní, "Ẹ fetí sí mi, ẹyin ni. Ẹyin tútù. Mo ti ṣe é fún ọmọ tèmi rí, kò sí àpá lára rẹ̀ dòní olónìí." Ọkàn mi balẹ̀ nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ó sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀. Wọ́n sáré ra ẹyin mẹ́ta, òun fúnra rẹ̀ ló fọ́ wọn, òun ló dà wọ́n lé ọmọ lápá. Ó ní kí n máa fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ó wo aago rẹ̀, ó ní Ọlọ́run á wò ó sàn, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ibi tó ń dùn mí jù nìyí: dúrọ́ọ̀mù omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ó kún dé ẹnu. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni mo san owó rẹ̀. Mo gbé ọmọ tó ń jóná dání, mo dúró ti omi, mo sì ń dúró de ẹyin.

Nígbà tí a fi máa dé ọsibítù, ẹyin náà ti gbẹ, ó ti gan mọ́ awọ ọmọ mi bí àtè. Nọ́ọ̀sì tó gbà wá rẹ aṣọ egbò sínú omi, ó gbé e lé e, ó dúró, ó ká a sókè díẹ̀, ó tún dúró. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣí i. Ibi tí ẹyin bá ti ṣí, awọ ń tẹ̀ lé e, ọmọ náà sì ń ké "Mọ́mì, ẹ ní kí wọ́n fi í sílẹ̀." Èèpo ẹyin kékeré kan wà nítòsí ìgúnpá rẹ̀, kò tó èékánná ọmọdé. Ó ti rì sínú ẹran. Nọ́ọ̀sì fi irin kékeré yọ ọ́, ó gbé e sórí abọ́ irin, mo sì gbọ́ dídún rẹ̀. Mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Ó wá bi mí pé, "Màmá, ṣé ẹ kọ́kọ́ fi omi sí i?" Mo ní wọ́n ní kí n má fi omi kàn án. Ó ní, "Àwọn wo?"

Mi ò lè dáhùn. Mi ò mọ orúkọ ẹnì kankan nínú wọn.

Nọ́ọ̀sì yẹn kò bá mi jà. Ó jókòó, ó ṣàlàyé fún mi, mo sì ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá wọ sọ́ọ̀bù mi báyìí. Omi tútù tó mọ́, tó ń ṣàn, fún ìṣẹ́jú 20. Kì í ṣe yìnyín, nítorí yìnyín náà ń ba awọ jẹ́. Bí omi ẹ̀rọ kò bá sí, kí wọ́n máa fi kọ́ọ̀pù bù ú dà sí i. Ooru kì í kúrò lára awọ lójú ẹsẹ̀ tó bá jó tán. Ó ṣì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, ó ń jó lọ, omi ló ń fà á jáde. Epo pupa àti ọṣẹ ìfọyín ń sé e mọ́bẹ̀ ni, dókítà á tún ní láti kọ́kọ́ nù wọ́n kúrò kó tó rí ojú egbò. Ẹyin tútù lè ní kòkòrò àrùn nínú, awọ tó ti bó kò sì lè dá a dúró. Kí wọ́n bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ àti òrùka kí ibẹ̀ tó wú. Aṣọ tó bá ti lẹ̀ mọ́ ara, kí wọ́n má fà á. Ó ní tí kò bá tíì ju wákàtí 3 lọ tó jó, kí wọ́n ṣì fi omi sí i, ó ń wúlò. Wákàtí 3! Èmi tí dúrọ́ọ̀mù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin kan á ní kí n má bínú, wọ́n fẹ́ràn mi ni, inú rere ni wọ́n fi ṣe é. Mo gbà pé inú wọn dára. Mi ò sọ pé aṣebi ni wọ́n. Àmọ́ inú rere kò dín irora ọmọ mi kù nígbà tí wọ́n ń ṣí ẹyin kúrò lára rẹ̀. Àwọn mìíràn á ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ọgbọ́n ni wọ́n wí níbẹ̀ o, wọn ò wí pé ariwo. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, àbí? Tó bá jẹ́ ẹni tó mọ̀nà ló bi.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ omi gbígbóná nìkan. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ilé kejì sí wa mu kẹrosíìnì nínú ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Obìnrin tó kàn ń kọjá lọ ló ní kí wọ́n ro epo pupa sí i lọ́fun kó lè bì í jáde. Wọ́n ro ó. Ọmọ náà bì. Nígbà tó ń bì ni kẹrosíìnì gba ọ̀nà èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni kẹrosíìnì ti ń pààyàn, ju inú ikùn lọ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń sọ pé ẹni tó bá mu kẹrosíìnì, ẹ má mú un bì, ẹ má fún un ní epo, ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ gbé e wá. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ọmọ yẹn fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú rọ́bà nímú. Ta ló san owó ọjọ́ mẹ́sàn-án? Ṣé obìnrin tó ń kọjá lọ ni?

Ọ̀rọ̀ gìrì ńkọ́? Ibà gbé ọmọ, ara rẹ̀ gbóná kọjá bó ṣe yẹ, ó ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ yí. Ẹ ó rí i bí ṣíbí ṣe máa jáde láti ibi gbogbo, tí wọ́n á máa tì í bọ ọmọ lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ sì rèé, eyín ló ń ká, tàbí kí ohun tí wọ́n tì sí i lẹ́nu há a lọ́fun. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí, ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, ẹ wo aago. Tó bá ti kọjá ìṣẹ́jú 5, ẹ máa sáré lọ. Àwọn mìíràn á tún dábàá ìtọ̀ màlúù tí wọ́n pò mọ́ ewé tábà, efinrin àti áyù. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Ìbàdàn yìí ti ń kọ̀wé pé àgbo yẹn máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀ kíákíá, tó sì ń sé e léèémí. Nílùú yìí gan-an! Síbẹ̀ ẹ dúró sí ìdíkọ̀ lónìí kí ọmọ dá gìrì, ẹ ó gbọ́.

Ti fíríìsà mi kò le tó ìyẹn, àmọ́ owó ni. Yìnyín dì í pa, ẹnì kan tó wá ra omi ní kí n fi ọ̀bẹ ha á. Ọ̀bẹ lu ìfun rẹ̀, gáàsì tú jáde ṣìì. Mo lè pa á lálẹ́, kí n ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀, kí yìnyín yọ́ fúnra rẹ̀ mọ́jú. Ẹni tó mú ìmọ̀ràn ọ̀bẹ wá ti mu omi tirẹ̀ lọ.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé wọn kì í béèrè, wọn kì í sì í padà wá. Wọ́n á sọ ọ́ bí ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí Ọlọ́run ń dá a. Tí ẹ bá ní, "Ṣé ẹ ti ṣe é rí?" wọ́n á ní, "Ẹ ṣáà ṣe é." Kí ló le nínú kéèyàn sọ pé "Mi ò mọ̀"? Kí ló le nínú pé "Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan ni, mi ò tíì gbìyànjú rẹ̀ wò"? Tí ẹnì kan ṣoṣo bá ti sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá ti rójú ronú, ǹ bá ti rí omi.

Mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe, nítorí ẹnì kan ti ṣe é fún mi. Nígbà kan, máṣíìnì mi bẹ̀rẹ̀ sí í fo ojú ìran, ó ń rán méjì, ó ń fo kan. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi gba ìmọ̀ràn. Wọ́n ní kí n rọ epo sí i, mo rọ ọ́ títí ó fi tó sára aṣọ léèsì oníbàárà. Wọ́n ní bọ́bìnì ni, mo ra mìíràn. Ẹnì kan ní kí n tà á, pé ó ti gbó. Mo wá lọ ra òwú ní Gbági, mo ń ráhùn lójú ọ̀nà sọ́ọ̀bù, ìyá àgbà kan tó jókòó síbẹ̀ ní, "Ọmọ mi, abẹ́rẹ́ wo lo lò? Ìgbà wo lo pààrọ̀ rẹ̀? Nígbà tí o fi í sí i, ibo ni o kọ ojú pẹlẹbẹ rẹ̀ sí? Irú aṣọ wo ló ń fò lórí rẹ̀?" Ìbéèrè mẹ́rin. Ó tún ní, "Mi ò rí máṣíìnì rẹ o, mi ò lè sọ pé òun nìyẹn. Lọ yẹ abẹ́rẹ́ wò ná, tí kì í bá ṣe òun, pe mẹkáníìkì." Mo délé, mo yọ abẹ́rẹ́, mo ti fi í sí i sódì. Mo yí i, ó rán. Lọ́jọ́ Sátidé mo padà lọ sí Gbági tìtorí kí n lè sọ fún un. Ó yà á lẹ́nu pé mo padà wá. Ó ní àwọn èèyàn kì í padà wá.

Apá ọmọ mi ti ń jinná. Awọ tuntun tó hù síbẹ̀ pọ́n, ó ń dán, kì í sì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan ibẹ̀ tí mo bá ń wẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́rú tó kọjá, obìnrin aláǹkárá yẹn gba iwájú sọ́ọ̀bù. Mo dá a mọ̀, òun náà dá mi mọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá ọmọ, ẹyin yẹn ṣiṣẹ́, àbí?"

Mo bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló jó ọmọ tiyín lọ́jọ́ náà?"

Ó ní ayọ́ọ̀nù ni. Ó kàn án fìrí ní orí ìka.

Mo pe ọmọ mi jáde. Mo ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè dé ìgúnpá. Obìnrin náà wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó wá ní, "Áà! Ṣé ẹyin àgíríìkì lẹ rà ni? Tìbílẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ rà."