Kí NAFDAC dá àwọn tó ń ta "stem cell" ojú fún àwọn àgbà wa lọ́wọ́ kọ́

Òwò kan ti gbilẹ̀ láàárín wa tó yẹ kí ìjọba fọwọ́ líle mú. Ìyẹ̀fun inú páálí ni wọ́n ń tà, wọ́n ń pè é ní stem cell, orúkọ sẹ́ẹ̀lì ìpilẹ̀ tó lè di oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì mìíràn nínú ara, wọ́n ní èso ápù àti gírépù ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n á ní kí bàbá tàbí ìyá tí ojú ń dùn máa dà á sábẹ́ ahọ́n, pé ojú tó ti ṣókùnkùn yóò là. Bí ìròyìn bá sì ti òkè òkun wá pé àwọn dókítà fi stem cell tún ojú ẹnì kan ṣe, kíá ni wọ́n á fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, bí ẹni pé ohun tó wà nínú páálí tiwọn nìyẹn. Irọ́ ni. Ohun tí àwọn dókítà yẹn ń ṣe yàtọ̀ pátápátá, ó sì yẹ kí ará ìlú mọ̀ ọ́n dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má baà fi orúkọ rẹ̀ gbowó lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀yìn ẹyinjú ni rẹ́tínà wà, òun ló ń gba ìmọ́lẹ̀. Àárín gbùngbùn rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní mákúlà, la fi ń kàwé, òun la fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, òun la fi ń dá ojú ọmọ ẹni mọ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì dúdú kan tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ tó ń bọ́ àwọn tó ń gba ìmọ́lẹ̀, tó sì ń kó ìdọ̀tí wọn kúrò. Bí ọjọ́ orí bá ti ń ga, àwọn sẹ́ẹ̀lì abọ́ni yìí a máa kú lójú àwọn kan, àwọn tí wọ́n ń bọ́ a sì kú tẹ̀lé wọn. Onítọ̀hún ṣì lè máa rí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì, ṣùgbọ́n àárín ohun tó bá tẹjú mọ́ a ṣú. Oríṣi àrùn yìí kan wà tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ń hù sábẹ́ rẹ́tínà tó ń jò. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sínú ojú léraléra máa ń kápá ìyẹn. Oríṣi gbígbẹ ló le. Oògùn méjì tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún un ní 2023 kàn ń dín eré àrùn náà kù ni, wọn kì í dá ohun tó ti lọ padà. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń gbìyànjú láti gbin sẹ́ẹ̀lì tuntun sípò èyí tó kú.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, ní ìlú Kobe ní Jàpáánì, ikọ̀ tí dókítà Masayo Takahashi ti iléeṣẹ́ ìwádìí RIKEN ṣáájú gbin sẹ́ẹ̀lì sójú obìnrin kan tó ti lé ní ẹni 70 ọdún. Wọ́n ti kọ́kọ́ bu awọ díẹ̀ lára rẹ̀. Ọgbọ́n tí Shinya Yamanaka fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 2012 ni wọ́n lò: wọ́n dá sẹ́ẹ̀lì awọ náà padà sí ipò ìkókó, wọ́n sì tọ́ ọ títí ó fi di sẹ́ẹ̀lì ojú. Abala tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ́tínà rẹ̀ kò ju mìlímítà 3 ní gígùn. Ní ọdún kan lẹ́yìn náà, sẹ́ẹ̀lì náà ṣì wà láàyè, kò sì sí kókó níbẹ̀, àmọ́ ojú obìnrin náà kò ríran ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì burú sí i. Wọ́n ti pèsè ti aláìsàn kejì sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé àbùdá sẹ́ẹ̀lì náà ti yí padà, wọn kò sì gbé e sí i lójú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ní London, Lyndon da Cruz ti ilé ìwòsàn Moorfields àti Pete Coffey ti yunifásítì UCL ṣe irú rẹ̀ fún ènìyàn méjì, àmọ́ sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n lò kò wá láti ara aláìsàn fúnra rẹ̀. Ìròyìn wọn ní 2018 dùn mọ́ni: láàárín oṣù 12, ẹnì kan ka lẹ́tà 29 lé sí èyí tó lè kà tẹ́lẹ̀ lára pátákó ìdánwò ojú, ẹnì kejì ka 21 lé. Ṣùgbọ́n inú ìròyìn kan náà ni wọ́n ti sọ ọ́ láìfi pamọ́ pé rẹ́tínà ṣí kúrò láyè rẹ̀ lójú aláìsàn kan, àti pé oògùn tí wọ́n lò kí ara má baà kọ sẹ́ẹ̀lì náà mú kí àtọ̀gbẹ le sí i. Ọ̀rọ̀ ènìyàn méjì péré la sì ń sọ. Ìwádìí ṣì ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ wá wo ìhà kejì. Ní Florida, ní 2015, àwọn obìnrin mẹ́ta tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 72 sí 88 lọ sí ilé ìtọ́jú kan tó ń ta stem cell. $5,000 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan san. Wọ́n fa ọ̀rá inú wọn, wọ́n ní àwọn ti yọ stem cell nínú rẹ̀, wọ́n sì gún un sí ojú méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Rẹ́tínà wọn ya, ẹ̀jẹ̀ dà sínú ojú wọn, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́jú tán. Ìwé ìròyìn ìṣègùn kan náà, New England Journal of Medicine, ló gbé ọ̀rọ̀ wọn àti ti obìnrin Kobe jáde nínú ẹ̀dà kan náà ní oṣù kẹta ọdún 2017. Dókítà wo ló máa gún ojú méjèèjì pọ̀ lọ́jọ́ kan, nígbà tí kò tíì mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan? Ẹni tó ń du owó nìkan ló lè ṣe é.

Ìyẹ̀fun tiwa níbí kò tilẹ̀ dé ojú. Sẹ́ẹ̀lì igi kì í di sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, ohun tí a bá sì gbé mì, inú ló ń dà á. Ohun tó bà wá lọ́kàn jẹ́ jù ni àkókò tó ń bá a lọ. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé kátárátì, ìyẹn kí awò inú ojú ṣú, ló ń fọ́ ojú àwọn tó ti lé ní 40 ọdún jù, gùlókómà, àrùn tó ń ba iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ jẹ́, ló tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ abẹ kátárátì wà ní UCH Ìbàdàn àti láwọn ilé ìwòsàn mìíràn. Gùlókómà ní tirẹ̀ kì í dá ohun tó bá ti gbà padà, ìtọ́jú tó tètè bẹ̀rẹ̀ ló ń dáàbò bo ìyókù. Ìyá tó fi oṣù mẹ́fà lá ìyẹ̀fun ti sọ oṣù mẹ́fà ìríran nù.

Àwọn kan yóò ní kí a má gba ìrètí lọ́wọ́ aláìsàn. A kò gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ Kobe àti ti London ni ìrètí náà, orúkọ wọn ni àwọn ọlọ́jà yìí sì ń bà jẹ́. Kí NAFDAC gbé orúkọ gbogbo ọjà tó bá ń ṣèlérí ìwòsàn ojú láìní ẹ̀rí síta, kí wọ́n kó o kúrò lọ́jà, kí FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, sì gbé àwọn tó ń polówó rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣètò àyẹ̀wò ojú ọ̀fẹ́ fún àwọn àgbà ní àwọn ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé. Ẹ̀yin ọmọ tó wà ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ gbin sẹ́ẹ̀lì sí ojú ìyá yín, ẹ bi í léèrè iye tí ẹ máa san. Bó bá dárúkọ owó fún ohun tó ṣì wà lẹ́nu ìwádìí, ẹ mú màmá lọ sílé.