Ta Ni Wọ́n Fi Dán Oògùn Alzheimer Wò?

Lóṣù Kìíní ọdún 2002, ilé-iṣẹ́ apoògùn Elan dá àyẹ̀wò abẹ́rẹ́ AN1792 dúró. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ náà ni láti jẹ́ kí ara aláìsàn fúnra rẹ̀ gbógun ti amyloid, pàǹtí tó ń dì sínú ọpọlọ ẹni tí Alzheimer, àìsàn tó ń mú kí àgbàlagbà máa gbàgbé nǹkan, ń bá jà. Ìpele àkọ́kọ́ àyẹ̀wò náà kọjá láìdá iṣẹ́ dúró. Ìgbà tí wọ́n fún èèyàn bí 300 ni wọ́n tó rí i pé ọpọlọ ti wú lára 18 nínú wọn.

Ìwọ̀nba èèyàn ni ìpele àkọ́kọ́ máa ń gbà. Irú ẹni tí wọ́n bá kó síbẹ̀ ṣe kókó, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti kàn wá.

Ẹ wo lecanemab, oògùn mìíràn tó ń gbógun ti amyloid, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2023. Nínú àyẹ̀wò ńlá tí wọ́n ṣe fún un, ìdá 5.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò ní APOE4, jíìnì tó máa ń mú kí Alzheimer tètè ṣe èèyàn, ni ọpọlọ wọn wú. Àwọn tó jogún jíìnì náà lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, ìdá 32.6 ni tiwọn. APOE4 sì wọ́pọ̀ láàárín Yorùbá. Síbẹ̀, ìwádìí Ìbàdàn àti Indianapolis tó jáde ní 2001 fi hàn pé ìdá 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbàlagbà Ìdíkàn ní Ìbàdàn ni Alzheimer ń mú lọ́dún, nígbà tó jẹ́ 2.52 láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Jíìnì náà ò sì jọ pé ó ń ṣe wá bó ṣe ń ṣe àwọn ẹlòmíràn. Ṣé oògùn ọ̀hún náà yóò ṣe wá bákan náà? Aláwọ̀ dúdú tó wà nínú àyẹ̀wò lecanemab kò tó nǹkan, ta ni yóò wá dáhùn?

Èrò wa ni pé kí NAFDAC béèrè pé kí àwọn àgbàlagbà wa wà nínú àyẹ̀wò irú oògùn báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn kan yóò rán wa létí Kano ní 1996, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Pfizer fi àwọn ọmọ tí yírùnyírùn ń ṣe dán oògùn Trovan wò, tí àwọn òbí sì ní àwọn ò mọ̀ pé àyẹ̀wò ni. Wọn ò jayò pa. Ìdí nìyẹn tí àdéhùn fi gbọ́dọ̀ le.

Arúgbó tó ti ń gbàgbé kò lè dá nìkan fọwọ́ síwèé. Àmọ́ ọmọ tó ń sanwó oògùn kọ́ ló ni ara ìyá rẹ̀: bí màmá bá ní òun ò ṣe, ó parí. Ẹni tó ń gba lecanemab ní Amẹ́ríkà ń wọ ẹ̀rọ MRI tó ń ya àwòrán ọpọlọ léraléra, kí wọ́n lè mọ̀ bí ọpọlọ bá ń wú. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ dán irú rẹ̀ wò níbí, kó gbé MRI tirẹ̀ wá, kó sì fi í sílẹ̀ nígbà tó bá ń lọ. Kó sì kọ orúkọ ẹni tí yóò sanwó ìtọ́jú bí oògùn bá ṣe èèyàn ní jàǹbá sínú ìwé kí wọ́n tó gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́.