Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú: ohun tí Claudette Colbert àti Clark Gable ṣe

Nínú eré ìfẹ́ kan tí mo wò lórí YouTube lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ gbé oúnjẹ wá fún ọ̀gá rẹ̀, ó sì ju àwo sílẹ̀ gbàà. Omi inú ife dà sórí tábìlì, kò tilẹ̀ wò ó. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ tó yẹ kó pa wá lẹ́rìn-ín, ńṣe ló kàn kà á lọ, ojú rẹ̀ ti wà lẹ́yìn kámẹ́rà. Mo sọ ọ́ fún ẹnì kan tó wà nídìí iṣẹ́ náà, ó ní, "Ẹ má dá a lóhùn, mà. Ipa kékeré ni wọ́n fún un, ó ń bínú ni." Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló wá bí mi nínú jù.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tó rán ọ lè fojú ẹrú wò ọ́. Ìwọ ni wàá fi ìjẹ́ iṣẹ́ náà hàn pé ọmọ onílé ni ọ́.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Hollywood lọ́dún 1933. Columbia kì í ṣe ilé-iṣẹ́ fíìmù tí àwọn ńlá bíi MGM ń kà sí nígbà náà. Frank Capra, olùdarí eré, fẹ́ ṣe eré ìfẹ́ apanilẹ́rìn-ín kan níbẹ̀, It Happened One Night, àwọn òṣèré sì ń sá fún un. Robert Montgomery kọ̀ ọ́, Myrna Loy kọ̀ ọ́. MGM wá yá Columbia ní Clark Gable tó jẹ́ òṣèré wọn, bí ẹni yá aládùúgbò lọ́kọ́. Capra kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó yá pé tìbínú-tìbínú ni Gable fi wá bá òun, ó sì ti mutí yó. Claudette Colbert, òṣèrébìnrin tí wọ́n pè, ní tirẹ̀ ní àfi kí wọ́n san 50,000 dọ́là fún òun, ìlọ́po méjì iye tó ń gbà tẹ́lẹ̀, kí iṣẹ́ náà sì parí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, nítorí òun fẹ́ lọ sinmi fún Kérésìmesì. Wọ́n gbà fún un.

Ẹ ò rí i pé kò sí èyí tí inú rẹ̀ dùn nínú àwọn méjèèjì. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe jẹ́ iṣẹ́ náà.

Colbert ni Ellie, ọmọ olówó tó bẹ́ sómi láti inú ọkọ̀ ojú omi bàbá rẹ̀ ní Florida, tó fẹ́ lọ bá ọkọ rẹ̀ ní New York. Gable ni Peter, oníròyìn tí iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n ti pàdé. Lálẹ́ ọjọ́ kan, àfi kí wọ́n jọ sun yàrá kan náà. Peter ta okùn sáàárín bẹ́ẹ̀dì méjèèjì, ó fi kúbùsù kọ́ ọ, ó pè é ní Odi Jẹ́ríkò. Obìnrin yìí ò kọ́kọ́ fẹ́ lọ sí ìhà tirẹ̀. Ni Gable bá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ aṣọ níwájú rẹ̀, ó ń fi ohùn tíṣà ṣàlàyé èyí tí ọkùnrin máa ń kọ́kọ́ bọ́ àti èyí tó ń tẹ̀ lé e. Nígbà tọ́rọ̀ dórí ṣòkòtò, Colbert ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ lọ sẹ́yìn kúbùsù. Okùn kan àti kúbùsù kan! Kò sí jíìpù, kò sí ilé alájà mẹ́ta, ẹ̀rín sì ń pa wá títí dòní.

Èyí tí mo fẹ́ jù ni ti ojú ọ̀nà. Peter ti fọ́nnu pé òun mọ bí wọ́n ṣe ń na àtàǹpàkò dá ọkọ̀ dúró. Ọkọ̀ ń kọjá, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ellie bọ́ síwájú, ó ká síkẹ́ẹ̀tì sókè, ọkọ̀ tẹ búréèkì kíì. Nígbà tí Capra kọ́kọ́ sọ fún Colbert pé kó ṣe é, ó kọ̀. Capra kò bá a jà, ó pe ọmọbìnrin mìíràn wá kí wọ́n fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ rọ́pò. Bí Colbert ṣe rí i, ó ní kí wọ́n mú un kúrò níbẹ̀, òun máa ṣe é fúnra òun, kì í ṣe ẹsẹ̀ òun nìyẹn. Oníṣẹ́ nìyẹn! Inú lè máa bí i, owó lè má tó o, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí wọ́n fi iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ pè é lórúkọ.

Ní oṣù kejì ọdún 1935, nígbà tí wọ́n ń pín àmì-ẹ̀yẹ Oscar, Colbert ti wà ní ibùdókọ̀ rélùwéè, ó ń lọ sí New York. Wọ́n ní láti sáré lọ mú un, aṣọ ìrìnàjò ló fi gba ẹ̀bùn rẹ̀. Gable gbà, Capra gbà, Robert Riskin tó kọ ọ́ gbà, eré náà fúnra rẹ̀ sì gba ti eré tó dára jù. Ṣáájú ìgbà náà, kò tíì sí eré kankan tó kó márààrún yẹn pọ̀ rí. Àwọn tó kọ̀ ọ́ wá di òǹwòran. Ọmọdé ò moògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́.

Oògùn tí wọ́n ń pè lẹ́fọ̀ọ́ ló kún ìgboro wa báyìí. Ọ̀rẹ́ mi kan gbé aṣọ ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ fún télọ̀ kan. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ilé-ìwé, ìdí ṣòkòtò ya fàà lójú ẹgbẹ́ rẹ̀, ó di ẹni tó ń fi báàgì bo ìdí délé. Èsì tí télọ̀ fọ̀ ni pé, "Yunifọ́ọ̀mù lásán mà ni." Télọ̀ yìí kan náà ló ń fi gbogbo òru rán léèsì aṣọ ẹbí. Ta ló wá sọ fún un pé ìyá ọmọ yẹn ò ní ṣayẹyẹ láéláé? Ta ló sọ pé kò lẹ́nu tó máa fi ròyìn?

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bọ̀ nídìí eré, ẹ gbọ́. Bí ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n ní kó o ṣe, lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ gbé oúnjẹ fún àgbà. Gba ọ̀rọ̀ rẹ sórí kó o tó kúrò nílé. Pa fóònù. Bó ò bá fẹ́ ipa náà, sọ bẹ́ẹ̀ kó o tó gbowó, àìmọye ọmọ ló ń wá a.

Ẹ̀yin olùdarí eré náà kò mọ́wọ́ mọ́sẹ̀. Ojú yín ni omi ṣe dà sórí tábìlì, ẹ ní ó ti tó, eré ìfẹ́ lásán ni, àwọn èèyàn á ṣáà wò ó. Àwa tí à ń ra dátà wò ó kì í ṣe afọ́jú. Ẹ nu tábìlì yẹn, ẹ pe ọmọ yẹn padà, kó tún un ṣe.