Olósùnta Inú Dígí

Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá nígbà tí fóònù mi dún. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Baṣírì ni. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Àbúrò, ó ti ṣubú o! Òkúta ńlá yẹn ti ṣubú!"

Mo fò dìde. Ìlú olókè la wà, òjò sì ti ń rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́. Ọkàn mi ti sáré lọ sọ́dọ̀ àwọn tó kọ́lé sí ìdí òkè. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni lábẹ́ rẹ̀?"

Ó mí kanlẹ̀. "Edé méjì ni."

Òkúta tí à ń wí yìí kò tóbi ju ẹ̀kọ tútù kan lọ. Inú àpótí dígí ló wà, lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Gígùn àpótí náà kò ju sẹ̀ǹtímítà 45 lọ, ìbú rẹ̀ 30, gíga rẹ̀ 30. Bí ẹ bá da gbogbo omi inú rẹ̀ síta, kò ní kún kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjì. Odò ni wọ́n sì ń pè é. Odò tó ní òkè, tó ní igbó, tó ní àfonífojì, tó sì ní onílé tí kì í sùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ ní Adó-Èkìtì á rántí bí fáàrí ṣe ń gorí ara wọn. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé POP ni, tí àjà ilé ń ṣe ọ̀ṣọ́ ju ìyàwó ilé lọ. Interlock dé, ó gba gbogbo àgbàlá, a ò rí ibi gbin ewédú mọ́. Koríko oníke ara ògiri tẹ̀ lé e. Odò ló kù báyìí. Kì í ṣe pé ẹja inú dígí jẹ́ nǹkan tuntun. A ti ń rí i ní òtẹ́ẹ̀lì àti níbi tí wọ́n ti ń dúró de dókítà: òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ búlúù, ẹja pupa méjì tó ń yan kiri bí adájọ́, àti ọkùnrin oníke kan tí omi ń hó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ má dárúkọ ìyẹn níwájú ẹ̀gbọ́n mi. Lójú tirẹ̀, ará oko ni ẹni tó bá ṣì ní ọkùnrin oníke. Ewéko tòótọ́ ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kó máa hù lábẹ́ omi, kí wọ́n máa fi gáàsì bọ́ ọ láti inú sílíńdà, kí olówó rẹ̀ sì máa fi àlùmọ́gàjí gé irun fún un.

Ẹ̀kọ́ yìí ní bàbá ìsàlẹ̀. Takashi Amano lorúkọ rẹ̀, ará Japan, tí wọ́n bí ní 1954, tó kú ní 2015. Ayafọ́tò ni. Ó gbé kámẹ́rà ńlá wọ igbó Amazon, ó gbé e wọ Borneo, ó gbé e dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà yìí náà. Ó wo bí igbó àti omi ṣe ń bára wọn gbé, kó tó lọ sílé lọ to tirẹ̀ sínú dígí. Mi ò bá a jà. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tó wà ládùúgbò wa ni mo ní í bá sọ, àwọn tí kò dúró létí odò kankan rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra mọ́tò, àfi tí mọ́tò bá kú sórí afárá.

Ẹ gbọ́ òfin wọn. Nínú ọ̀nà tí àwọn ará Japan ń pè ní iwagumi, òkúta kì í ṣe òkúta lásán. Oyè ló jẹ. Oyaishi ni ọba: òun ló ga jù, ó sì gbọ́dọ̀ fì díẹ̀, bí ẹni tí omi ti ń tì láti ọjọ́ pípẹ́. Fukuishi ni ọ̀tún rẹ̀. Soeishi ni ìjòyè tó kàn ń tẹ̀ lé wọn lọ sóde. Suteishi ní tirẹ̀, a gbé e síbẹ̀ kó lè pòórá ni. Ewéko á bò ó, kò sẹ́ni tó máa rí i, iye kan náà ni wọ́n sì rà á. Mo mọ àwọn ìjòyè kan bẹ́ẹ̀.

Iye òkúta kò gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́rin. Mẹ́ta, márùn-ún, méje. Ọba kò sì gbọ́dọ̀ jókòó sáàárín gbùngbùn: wọ́n á pín ojú dígí sí mẹ́ta, wọ́n á gbé e sórí ọ̀kan nínú ìlà méjèèjì. Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń ṣàlàyé èyí fún mi, ó fi rúlà wọn ojú dígí, ó ki ẹ̀mú gígùn bọ omi, ó sé èémí, ó sún ọba. Mo ń wò ó. Òkúta náà kò kúrò ju ìbú èékánná lọ. Ẹ̀gbọ́n fi ẹ̀yìn rìn títí dé ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, ó di ojú kan, ó fi ìkejì wò ó.

"Ṣé o rí i bó ṣe ń mí báyìí?"

Mo ní mo rí i. Kí ni kí n ti wí? Iyán rẹ̀ ni mo wá jẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn mí ni ibi tí òkúta ti wá. Èkìtì la wà o! Òkìtì ni wọ́n ní orúkọ wa gan-an ti wá. Ìkẹ́rẹ́ kò jìnnà sí wa, níbi tí òkè Olósùnta dúró sí tí wọ́n ń ṣe ọdún rẹ̀. Típà tó ń kó òkúta ń kọjá níwájú géètì ẹ̀gbọ́n mi, ó ń mi fèrèsé rẹ̀. Àmọ́ òkúta márùn-ún inú dígí rẹ̀, Japan ni wọ́n ti kó wọn wá. Wọ́n wọ ọkọ̀ dé Èkó, wọ́n bá bọ́ọ̀sì dé Adó, wọ́n fi ìwé ìròyìn pọ́n wọn bí ọmọ tuntun. Mi ò ní sọ iye owó rẹ̀, torí ìyàwó rẹ̀ lè máa ka ìwé yìí.

Mo bá ṣa ọ̀kan lẹ́bàá ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́, mo fọ̀ ọ́ mọ́, mo gbé e lọ fún un. Ó wò ó bí ẹni ń wo àlejò tó wọ bàtà ẹlẹ́rẹ̀ wọ pálọ̀. Ó ní kò ní ìlà lára. Ó ní kò ní ìtàn. Òkúta tó ti wà kí Odùduwà tó dé, kò ní ìtàn! Ó tún ní kò ṣeé fọkàn tán, pé òkúta mìíràn máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú omi, á sọ omi di líle fún ẹja. Ó bu fínígà sí i kí n lè rí i: bó bá hó, òkúta ẹfun wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Òkúta Ìkẹ́rẹ́ gba fínígà mọ́ra, kò sọ nǹkan kan. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n bu u sí ti Japan náà. Ó ní kò nílò ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ará, ó hó ṣìììì, bí àkàrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sínú epo gbígbóná.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ìyẹn ló fi hàn pé ojúlówó ni.

Ti ewé tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ewé dúdú kan wà níbẹ̀, ó le bí awọ, gúlúù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi, torí bí wọ́n bá ri ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀, á jẹrà. Anubias barteri lorúkọ rẹ̀. Yúróòpù ni wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí i, nínú ike tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára. Barter yìí, òyìnbó aṣàwárí ewé kan ni, Charles Barter, tó bá Baikie, olórí ìrìnàjò wọn, gòkè odò Ọya, tó sì kú sí ìlú Rabba ní 1859. Nàìjíríà níbí ni ewé náà ti ń hù létí odò, láìsan háyà. Wọ́n mú un lọ, ó gba orúkọ òyìnbó, ó wọ ọkọ̀ òfuurufú pa dà wálé. Tòkunbọ̀ ló yẹ kí wọ́n máa pè é! Ẹja méjì tó ń yí i ká náà ńkọ́? Pelvicachromis pulcher ni, èyí abo ní ikùn tó pọ́n bí osùn. Odò gúúsù Nàìjíríà làwọn baba ńlá wọn ti wá, oko ẹja ìlú òkèèrè ni wọ́n bí wọn sí. Ẹbí Tòkunbọ̀ ló kóra jọ sínú dígí kan ní Baṣírì, tí wọ́n fẹ̀yìn ti òkúta Japan, tí wọ́n ń mu omi kànga.

Mo ní ká kúkú bu ojúoró sí i láti odò. Ó ní á bo iná. Ojúoró tó ti ń lékè omi láti ìgbà ìwáṣẹ̀, Baṣírì ló ti wá pàdé ẹni tó lé e.

Iná yẹn pàápàá, kò gbọ́dọ̀ tàn ju wákàtí mẹ́jọ lọ lójúmọ́. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, èérí odò tó máa ń yọ̀ bí ilá á bo gbogbo òkúta. Ibi kan ṣoṣo nìyí tí àwọn oníná ti ràn wá lọ́wọ́: wọn kò jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ rí. Edé tí wọ́n fi orúkọ Amano pè ló máa ń jẹ èérí náà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bi mí lọ́jọ́ kan, "Ọkọ mi, ẹ bá mi wò ó, edé tó ń jẹun nílé tí kì í wọ ọbẹ̀, iṣẹ́ kí ló ń ṣe?"

Nǹkan kan wà tí Amano kò bá pàdé ní Japan. Iyán ni. Kí odò kékeré má bàa rí pẹrẹsẹ, wọ́n máa ń kó ilẹ̀ inú rẹ̀ ga lẹ́yìn, wọ́n á mú un rẹlẹ̀ níwájú, ojú á wá rò pé ọ̀nà jìn. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ẹ̀gbọ́n mi fi kó tirẹ̀, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a bí ẹni ń kun ojú ìyàwó. Lọ́jọ́ Sunday, Màmá rẹ̀ dé láti oko pẹ̀lú iṣu. Ẹ̀yìn ògiri pálọ̀ gan-an ni wọ́n gbé odó sí. Ọmọ odó kọ́kọ́ balẹ̀: gbì. Ìwọ̀nba iyanrìn díẹ̀ yọ̀ wálẹ̀. Gbì, gbì. Ọ̀tún ọba fì. Ẹ̀gbọ́n mi sáré jáde.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra gún un!"

Màmá dá ọmọ odó dúró lókè. "Kí n rọra gún iyán? Ní ulé yìí?" Wọ́n yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ṣé ó ti ń ṣe é tipẹ́?"

Kí iyán tó kúnná, òkè ti di pẹ̀tẹ́lẹ̀. Òkèlè mẹ́rin péré ni ẹ̀gbọ́n mi jẹ, ọ̀rọ̀ sì ti kúrò ní kékeré nìyẹn.

Bó bá jẹ́ pé wọ́n ń tò ó lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n ń fi í sílẹ̀, mi ò ní kọ nǹkan kan. Wọn kì í fi í sílẹ̀. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù máa ń di amóníà, májèlé sì ni. Àwọn kòkòrò tí ojú kò rí, tí wọ́n ń gbé ara òkúta, inú iyanrìn àti inú fílítà, ló ń sọ ọ́ di nitrite, májèlé nìyẹn náà, kí wọ́n tó wá sọ ọ́ di nitrate tí ewéko lè jẹ. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó. Ẹ̀gbọ́n mi kò fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì rí. Bí wọ́n bá ti ń tẹ́ ẹní, á gbé òkúta, á ru ilẹ̀ sókè, amóníà tó ti sùn á jí, omi á funfun bí omi ògì. Cryptocoryne, ewé kan tí kò fẹ́ràn kí wọ́n máa kó ẹrù rẹ̀ kiri, á yọ́ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Ẹja á gòkè, wọ́n á máa ya ẹnu sójú omi bí akọrin. Ẹ̀gbọ́n á ní, "Ó máa tòrò."

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí omi fi mọ́ kó tó dàrú ni wọ́n ń ya fọ́tò. Bí ẹnì kan ní Adébáyọ̀ bá gbé òkúta mẹ́ta sórí WhatsApp láàárọ̀, Àjìlósùn á ti gbé márùn-ún jáde kí ilẹ̀ tó ṣú, méje á yọ láti Ìyìn. Wọ́n kúkú gbọ́ pé ilé iṣẹ́ Amano ti ń ṣe ìdíje àgbáyé láti 2001, fọ́tò ni àwọn adájọ́ sì ń wò. Kò sẹ́ni tó máa wá bi ẹja bóyá ó sùn dáadáa.

Ẹ jẹ́ n pa dà sí òru yẹn. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti mú iná lọ. Mo fi tọ́ọ̀ṣì sí i. Edé méjèèjì wà láàyè, wọ́n ń jẹun. Ọba ló dojú bolẹ̀, ó fi orí ti ọ̀tún rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń fura sí típà, ó ń fura sí àrá, ó tiẹ̀ wo yàrá Màmá. Mo bá gbé iná sún mọ́ ìdí òkúta. Ihò kan wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹja abo yẹn yọ jáde níbẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún bámúbámú. Ó wẹ̀ wá síwájú, ó tu iyanrìn dànù, ó pa dà wọlé. Ó tún jáde. Ibi tí ó máa yé ẹyin sí ló ń gbẹ́. Inú ihò ni irú wọn máa ń yé e sí, kò sì bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ìlà tó yẹ kó wà.

Mo sùn síbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi ti tòrò. Iyanrìn tó tu síwájú ti di èbúté kékeré, òkúta méjèèjì fara ti ara wọn lórí ihò, suteishi tí kò sẹ́ni tó rí i rí sì jókòó sí gbangba nínú oòrùn. Màmá jáde wá pẹ̀lú pákò lẹ́nu. Wọ́n dúró níwájú dígí náà, wọ́n pẹ́ níbẹ̀, ohun tí wọn kò ṣe rí.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ó wá jọ odò báyìí. Ta ló tò ó?"

Èmi àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n wo ara wa. Ẹ̀gbọ́n mi kò dáhùn. Ó ti ń ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.