Jẹ́ẹ̀lì ò bá ọwọ́ mi mu mọ́ o

Ẹ̀yin èèyàn mi, látìgbà Kòrónà ní 2020 ni sanitáísà, nǹkan ọlọ́tí tá a fi ń pa kòkòrò lọ́wọ́, ò ti kúrò lórí tábìlì POS mi ní Kubwa níbí, torí owó tó ti gba ọwọ́ ẹlẹ́ran, ọwọ́ oníkẹ̀kẹ́, ọwọ́ ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nu imú ọmọ tán ni mò ń kà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ọwọ́ yẹn náà ni màá tún fi jẹun. Mo ti ra oríṣiríṣi, ohun tí mo sì rí ni pé èyí tọ́wọ́ èèyàn bá ti kọ̀, kò ní lò ó, ì báà lágbára bíi kí ló dé.

Jẹ́ẹ̀lì, èyí tó ki yẹn, ni gbogbo wa kọ́kọ́ ń rà. Ó dáa ní ti pé kì í tètè dà nù, èèyàn á sì rí iye tó bù sọ́wọ́. Àmọ́ tó o bá lò ó tó ẹ̀ẹ̀mẹrin láì fi omi ṣanwọ́, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀, owó náà á máa lẹ̀ mọ́ra, ẹgbẹ̀rún kan náírà ti bá owó oníbàárà lọ lọ́wọ́ mi rí báyẹn. Ní ti àbúrò mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, fóòmù, èyí tó ń hó bí ọṣẹ, ló fẹ́ràn, ó ní ó ń tètè kárí ọwọ́. Òótọ́ ni, àmọ́ ó wọ́n.

Èyí tó ṣàn bí omi, tí wọ́n ń fín, òun ni mo fara mọ́ báyìí. Ó ń wọ abẹ́ èékánná, ó ń gbẹ, kì í lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fín in lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ wá nuwọ́ mọ́ aṣọ o! Ọwọ́ gbọ́dọ̀ tutù dáadáa, kẹ́ ẹ fi ra àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka, àtàǹpàkò, fún bí ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30 títí tó fi máa gbẹ fúnra ẹ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ni wàhálà wà. Ọyẹ́ ibí kì í ṣe ti Èkó rárá, ètè á bẹ́, gìgísẹ̀ á là, tọ́wọ́ ò bá wá rí nǹkan kan ju ọtí lásán lọ ńkọ́? Lọ́dún kan mo ra èyí tẹ́nì kan pò nílé, kò fi gilisarín sí i rárá, ni ẹ̀yìn ọwọ́ mi bá là, ó ń ta mí bí ata, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mi ò fi lè lo sanitáísà kankan, tí mo sì ń kówó lọ́wọ́ èèyàn lójoojúmọ́. Bẹ́ẹ̀ èyí tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kí wọ́n máa pò, ethanol (ọtí yẹn gan-an) 80% ló wà níbẹ̀, hydrogen peroxide díẹ̀, omi, àti gilisarín 1.45%. Gilisarín yẹn ò pa kòkòrò kankan o, torí awọ ara wa ni wọ́n ṣe fi sí i, díẹ̀ báyẹn náà ló sì tó, tó bá ti pọ̀ jù á tún máa lẹ̀. Tó bá dalẹ́, mò ń fi òrí pa ọwọ́.

Alhaji kan tó máa ń wá gbowó lọ́dọ̀ mi ò fẹ́ nǹkan tó ní ọtí lára ẹ̀, mi ò bá wọn jiyàn, bútà omi àti ọṣẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọṣẹ òun omi náà ló tọ́ tọ́wọ́ bá ti lépo tàbí tó dọ̀tí, sanitáísà ò lè ṣe é.

Àwọn ike tí wọ́n ń tà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Nyanya tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, tí wọn ò kọ iye ọtí inú ẹ̀ síbẹ̀, mi ò rà á mọ́. Tí ò bá tó 60%, ẹ fi sílẹ̀. Tó bá wá lọ jẹ́ methanol, oríṣi ọtí mìíràn, ni wọ́n dà sí i ńkọ́? Májèlé nìyẹn, ó ń gba ara wọlé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pò ó tà, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣe é ní ike kékeré tó ṣe é fín, kí gilisarín ẹ̀ má pọ̀ jù kó má sì kéré jù, kẹ́ ẹ dín òórùn lọ́fíńdà yẹn kù torí a fẹ́ fọwọ́ yẹn jẹ iyán. Ẹ̀yin ará Abuja, èwo lẹ̀ ń lò tí ọyẹ́ bá dé? Tèmi ti fẹ́ tán.